Kọfí Bíi Gàrí, Kì í Ṣe Bíi Ẹ̀lúbọ́: Bí French Press Ṣe Máa Ṣiṣẹ́ Dáadáa Nílé Yín

Ọ̀rọ̀ kọfí ni mo gbé dé lónìí, pàápàá kọfí tí a ń fi French press ṣe. Ẹ mọ̀ ọ́n: ife gíláàsì gíga kan, ìdérí tó ní irin gígùn láàárín, àti asẹ́ wáyà ní ìsàlẹ̀ irin náà. Ẹ ó da kọfí lílọ̀ sí i, ẹ ó da omi gbígbóná lé e, ẹ ó dúró díẹ̀, ẹ ó tẹ irin náà wálẹ̀, ó parí. Kò nílò iná NEPA, kò nílò bébà, kò sì ní mọ́tò kankan tó lè jó. Fún àwa tí a wà ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndo, níbi tí iná ti lè lọ kí omi tó hó tán nínú kẹ́tùlù, irú ohun èlò tó bá wa mu nìyẹn.

Àmọ́ ẹ máa ń gbọ́ bí àwọn tó ti rà á ṣe ń ráhùn. "Ó korò jù." "Ó ń ṣe yanrìn-yanrìn lẹ́nu." "Kò yàtọ̀ sí àgbo." Bí ẹ bá béèrè ohun tó fà á, wọ́n á ní omi ló gbóná jù, tàbí pé ó pẹ́ jù nínú omi. Wọ́n á wá gbé e sí ẹ̀yìn àwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù, owó ti lọ nìyẹn, owó kọfí gidi kò sì kéré rárá.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé nínú French press, ooru àti aago kì í ṣe ọ̀tá yín tó bí ẹ ṣe rò. Ohun mẹ́rin ló ń tún un ṣe tàbí tó ń bà á jẹ́: omi, ìwọ̀n, bí kọfí ṣe kúnná tó, àti sùúrù. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà ní ìkáwọ́ yín, kódà nínú yàrá kan ṣoṣo.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ife yẹn gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Kọfí oníyẹ̀fun tí ẹ ń rà nínú ọ̀rá kékeré, wọ́n ti se é ní ilé iṣẹ́, wọ́n ti gbẹ omi inú rẹ̀. Bí ẹ bá da omi sí i, gbogbo rẹ̀ ló máa yọ́. Kọfí lílọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èso igi ni, wọ́n yan án, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Bíi ìdá 30 péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló lè yọ́ sínú omi. Ìyókù dà bí igi, kò ní yọ́ láéláé.

Ní àwọn ọdún 1950, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà kan, Ernest Lockhart, ṣe iṣẹ́ lórí irú kọfí tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, tí àwọn oníkọfí ṣì ń tẹ̀ lé dòní, ni pé kí a fa bíi ìdá 18 sí 22 nínú ọgọ́rùn-ún kọfí náà yọ. Bí ohun tí a fà bá kéré jù, kọfí á kan, á sì dà bí omi lásán. Bí ó bá pọ̀ jù, á korò.

Ọ̀nà méjì ni a sì ń gbà fà á. Nínú ọ̀nà kìíní, omi tuntun ń ṣàn kọjá lórí kọfí láìdúró, bíi ti àwọn tó ń fi asẹ́ bébà ṣe é. Omi tuntun yẹn kì í sinmi, ó máa ń fa nǹkan yọ títí tó fi máa fa kíkorò. Nínú ọ̀nà kejì, tó jẹ́ ti French press, omi kan náà àti kọfí kan náà ló jọ wà nínú ife láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyàtọ̀ yẹn tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ro ọjà Ìkòtún. Ní àárọ̀, èèyàn ń wọlé ju àwọn tó ń jáde lọ, ọjà ń kún. Bí ó bá di ọ̀sán, iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹsẹ̀ kò dúró, síbẹ̀ iye èèyàn inú ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú press. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èròjà ń sá jáde láti inú kọfí sínú omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi náà ti ní tirẹ̀, iye tó ń jáde àti iye tó ń padà wọlé á dọ́gba.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Davis wọn èyí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021. Wọ́n rí i pé bí kọfí àti omi bá ti jọ wà pọ̀ títí tí wọ́n fi dọ́gba báyìí, iye ohun tí omi fà yọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ì báà jẹ́ omi 80°C tàbí 99°C, ì báà jẹ́ kọfí tó kúnná tàbí èyí tí kò kúnná. Ohun tó ń pinnu bí kọfí ṣe máa nípọn tó ni ìwọ̀n kọfí sí omi.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ooru àti kíkúnná ń pinnu bí ẹ ṣe máa *yára* débẹ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pinnu *ibi* tí ẹ máa dé. Nítorí náà, tí ìpè bá wọlé tí ìṣẹ́jú mẹ́rin yín di mẹ́fà, ayé ò tíì bàjẹ́. Tó bá jẹ́ omi tó wà nínú fúláàsìkì láti àárọ̀ ni ẹ ní, tó ṣì ń jóni lọ́wọ́, ó máa ṣiṣẹ́. Ẹ kàn fún un ní àyè díẹ̀ sí i.

Ó dáa. Bí kì í bá ṣe aago, kí ló wá ń ba kọfí jẹ́?

Ìkíní: omi

Ohun tó lé ní ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ife kọfí yín, omi ni. Bí omi bá ti bàjẹ́, ẹ má wulẹ̀ ra kọfí olówó ńlá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Alímọ̀ṣọ́ ló ń lo omi borehole tàbí kànga. Ní àwọn àdúgbò kan, ẹ máa rí i pé korobá funfun ti ń pọ́n, ìdí báàfù ti di àwọ̀ ìpẹtà. Èròjà irin nìyẹn. Ẹ lè dán an wò: ẹ bu omi náà sínú gíláàsì, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi tó mọ́ ní alẹ́ bá ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa nísàlẹ̀ ní àárọ̀, afẹ́fẹ́ ló ti dàpọ̀ mọ́ irin inú rẹ̀, tó sọ ọ́ di ìpẹtà. Irú omi yìí burú fún kọfí àti tíì, nítorí pé èròjà kan wà nínú àwọn méjèèjì tó máa ń di mọ́ irin, tó sì ń sọ ọ́ di dúdú. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn ará àtijọ́ ní Yúróòpù fi ń ṣe yíǹkì ìkọ̀wé. Ẹ ò fẹ́ mu yíǹkì, àbí?

Ohun kan tún wà tó ju ọ̀rọ̀ adùn lọ. Àwọn tó mọ ojú ọ̀nà LASU sí Ìbà mọ ààtàn Solous ní Ìgàndo. Omi òjò máa ń gba inú irú òkìtì ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kọjá, á fa oríṣiríṣi èròjà lọ́wọ́, á sì rìn wọ inú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ti ń yẹ omi kànga àti borehole àyíká ibẹ̀ wò láti ọdún pípẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: síse omi ń pa kòkòrò àrùn, kò ń yọ irin tàbí òjé kúrò. Kódà, bí omi bá ṣe ń hó tó ń dínkù, ohun tó kù nínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ààtàn, kó jẹ́ kí wọ́n yẹ omi rẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò, kó má wo dídán ojú omi.

Fún kọfí, ọ̀nà tó rọrùn jù ni píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ọ̀kan ṣoṣo tó fún ife mẹ́ta. Ó tún ní àǹfààní kejì, tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Ìkejì: ìwọ̀n

A ti rí i pé ìwọ̀n ló ń pinnu bí kọfí ṣe máa nípọn tó. Síbẹ̀, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ojú bù. Lónìí ṣíbí mẹ́ta, lọ́la ṣíbí márùn-ún tó ga bí òkè Olúmọ, kí ẹ wá máa bínú sí press.

Ìwọ̀n tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni kọfí gíráàmù kan sí omi gíráàmù 15 sí 17. Ẹ ò ní òṣùwọ̀n? Kò sí wàhálà. Wọ́n kọ 50cl sára píọ̀ wọ́tà kan. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 500 omi. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba máa ń gba kọfí lílọ̀ bíi gíráàmù 5. Nítorí náà:

Píọ̀ wọ́tà kan (50cl) sí ṣíbí mẹ́fà (bíi gíráàmù 30).

Ìdajì píọ̀ wọ́tà (25cl) sí ṣíbí mẹ́ta (bíi gíráàmù 15).

Bí ó bá ki jù fún yín, ẹ dín kọfí kù ní ìdajì ṣíbí nígbà míì. Bí ó bá ṣàn jù, ẹ fi ìdajì ṣíbí kún un. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn títí tí ẹ fi máa rí ìwọ̀n yín. Ohun kan ṣoṣo ni a máa ń yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin yàrá ìwádìí nìyẹn, ó sì wúlò nínú ilé ìdáná.

Kí ó má sì yà yín lẹ́nu pé omi 50cl kò jáde pé. Kọfí tó ti mumi máa ń dá omi tó tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ dúró. Gíráàmù 30 máa mú bíi 6cl, ẹ ó rí bíi 44cl mu.

Ìkẹta: gàrí ni, kì í ṣe ẹ̀lúbọ́

Ibí yìí ni "yanrìn-yanrìn lẹ́nu" ti ń wá.

Ẹ fọkàn ro ṣúgà oníhóró kan tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Ó ní ojú mẹ́fà, gbogbo ara rẹ̀ tí omi lè fọwọ́ kàn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà onígun mẹ́rin. Ẹ wá gé e sí wẹ́wẹ́, kí ìhà kọ̀ọ̀kan di mìlímítà kan. Ẹ ó ní ẹgbẹ̀rún kan hóró, ara tí omi lè fọwọ́ kàn á sì di sẹ̀ǹtímítà 60 onígun mẹ́rin. Ṣúgà kan náà ni, àmọ́ ojú tí omi rí ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí kọfí tó kúnná fi ń yára yọ́.

Ṣé ká wá lọ̀ ọ́ kúnná bíi ẹ̀lúbọ́ ni? Rárá o. Asẹ́ press ní ihò tí kọfí bíi ẹ̀lúbọ́ máa gbà kọjá bí ẹni ń lọ sọ́jà. Lẹ́búlẹ́bú yẹn á máa léfòó nínú ife yín, á máa hánu, á sì máa mú kí kíkorò pọ̀ lẹ́nu. Ó tún lè dí asẹ́ pa, kí irin má fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá wá fi agbára tẹ̀ ẹ́, omi gbígbóná lè fọ́n sí i lára. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn.

Nítorí náà, kọfí press gbọ́dọ̀ dà bíi gàrí: kí ẹ rí hóró rẹ̀ lójú, kí ẹ gbọ́ ọ láàárín ìka. Bí ẹ bá ń rà á ní lílọ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "coarse" tàbí "French press" sí ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ "espresso" sí, ẹ̀lúbọ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́ fúnra yín, ẹ̀rọ ìlọta kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí ló dára jù. Bílẹ́ńdà náà ṣeé lò, ife kékeré tí a fi ń lọ nǹkan gbígbẹ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó máa lọ gbuurururu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé kọfí lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń lọ ata ní ìsàlẹ̀ ilé. Kọfí oníata rodo kò tíì ní orúkọ.

Abẹ́ bílẹ́ńdà kì í gé nǹkan dọ́gba. Ẹ ó rí òkúta, ẹ ó rí gàrí, ẹ ó sì rí ẹ̀lúbọ́ nínú ife kan náà. Ọgbọ́n tí mo ń dá ni kí n kù ú. Mo ní kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kékeré kan tó jẹ́ ti kọfí nìkan. Mo máa ń kù ú fún bíi ìṣẹ́jú kan, lẹ́búlẹ́bú á bọ́ sílẹ̀, mo á sì lo èyí tó kù lórí kọ̀ǹkọ̀sọ̀. Nígbà tí mo ṣe ife méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan tí mo kù àti ọ̀kan tí n kò kù, ìdí ife tí n kò kù ní ẹrẹ̀ dúdú tó nípọn. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ féfé. Ẹ má da lẹ́búlẹ́bú náà nù, ó dára nínú kéèkì.

Ìkẹrin: sùúrù, bíi ti ògì

Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ń ṣe ògì ti mọ apá yìí tẹ́lẹ̀. Bí a bá sẹ́ ògì tán, èèrí ti kúrò, ohun tó wà nínú ike ṣì funfun bíi mílíìkì láti òkè délẹ̀. Kò sí ẹni tó máa fi agbára tẹ ògì mọ́lẹ̀. A ó fi í sílẹ̀ ni. Tó bá yá, ògì á silẹ̀, omidùn á dúró lókè, ó mọ́.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀, George Gabriel Stokes ló gbé e kalẹ̀ ní 1851. Ó sọ pé bí hóró kan ṣe ń yára rì sínú omi dá lórí ìlọ́po ìwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Bí hóró kan bá fi ìlọ́po mẹ́wàá kéré sí èkejì, ó máa fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ́ra jù ú lọ. Hóró bíi gàrí máa rì láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú máa lo ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú.

Ẹ wá rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí wọ́n kọ sára páálí tó fún yíyọ́, àmọ́ kò tó fún rírì. Bí ẹ bá sì tẹ irin náà dé ìdí ife, ẹ ti ru gbogbo ohun tó ti rì sókè. James Hoffmann, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba World Barista Championship ní 2007, ló jẹ́ kí ọ̀nà yìí gbajúmọ̀: fi í sílẹ̀ pẹ́, má sì tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. A ti mọ̀ pé pípẹ́ kò ní bà á jẹ́, nítorí pé èròjà ti dọ́gba.

Ìdúró yẹn tún ní èrè míì. Ní 2016, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, IARC, ka mímu ohun tó gbóná ju 65°C lọ mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Kọfí tó dúró díẹ̀ máa ń tutù díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀fun yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é

1. Ẹ se omi píọ̀ wọ́tà kan àti díẹ̀ sí i. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó sún mọ́ òkun, omi máa ń hó ní 100°C. Ní Jos tó wà lórí òkè, kò ní dé 97°C kó tó hó.

2. Ẹ fi omi díẹ̀ tó gbóná ṣan press náà, ẹ dà á nù. Gíláàsì tútù máa jí ooru omi yín.

3. Ẹ da ṣíbí mẹ́fà kọfí sí i. Nígbà tí omi bá ti sinmi híhó fún bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ da 50cl lé e, kí gbogbo kọfí tutù. Bí fófó bá ru sókè dáadáa, kọfí yín ṣì tuntun. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó jẹyọ nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yan án ló ń jáde.

4. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ kó ìdérí lé e, àmọ́ ẹ má tẹ irin.

5. Ẹ ṣí i, ẹ fi ṣíbí rọra ro ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ kọfí á rì. Ẹ fi ṣíbí kó fófó àti èyí tó kù lókè dànù.

6. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Ẹ lọ wẹ ojú, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

7. Ẹ ti asẹ́ wálẹ̀ kó kàn fọwọ́ kan ojú kọfí, ó tó. Ẹ rọra dà á sínú ife. Ẹ fi ìgbẹ̀yìn tó wà nídìí sílẹ̀, ẹrẹ̀ ni.

8. Ẹ tú asẹ́ náà palẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òróró kọfí tó bá kù lára wáyà máa kan bíi òróró tó ti pẹ́, á sì ba ti ọ̀la jẹ́. Ẹ má da èérún rẹ̀ sínú síńkì, yóò dí i.

Kọfí tó kù nínú páálí ńkọ́? Ẹ fi í sínú ike tó dé pinpin, níbi tí oòrùn kò dé. Ooru, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin Èkó ló ń pa òórùn dídùn rẹ̀. Ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ edé àti irú.

Kọfí wo ni ká rà? Ẹ má gbàgbé Kabba

Oríṣi méjì ló pọ̀ jù lọ́jà ayé: Arabica àti Robusta. Méjèèjì ló ń hù ní Nàìjíríà. Arabica fẹ́ ibi gíga tó tutù, ó ń hù lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Robusta gba ilẹ̀ tó gbóná, ibi tí orúkọ rẹ̀ sì ti rinlẹ̀ ni Kabba, láàárín àwọn ará wa Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi. Àjọ CRIN, tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ fún kókó, ni iṣẹ́ ìwádìí kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ ra ti òkè òkun nìkan.

Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé mọ́jú nítorí ìdánwò, ẹ sún mọ́ mi. Káfíìnì inú Robusta tó ìlọ́po méjì ti Arabica: bíi 2.2% sí bíi 1.2%. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíráàmù 30 Arabica ní bíi 360mg káfíìnì. Gíráàmù 30 Robusta ní bíi 660mg, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì máa yọ́ sínú omi.

Ní 2015, àjọ EFSA tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé 400mg lójúmọ́, àti 200mg lẹ́ẹ̀kan, kò léwu fún àgbàlagbà tó ní ìlera. Fún aláboyún, 200mg ni fún gbogbo ọjọ́. Nítorí náà, press Robusta kan ti èmi nìkan bá mu tán ti kọjá ààlà. Èèyàn mẹ́ta ló yẹ kó pín in, ife kékeré kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ tún ń jẹ obì láti má sùn, káfíìnì kan náà ló wà nínú obì. Ẹ kà á mọ́ ọn. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó mu ún ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó má bá àjẹ́ wí tí oorun bá kọ̀ ní aago méjì.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ní kọlẹ́stẹ́róòlù

Òróró kọfí ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cafestol. Bébà máa ń mú un, asẹ́ wáyà kì í mú un. Ní 1996, àwọn olùwádìí ará Netherlands tẹ àyẹ̀wò kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Èèyàn 46 tí ara wọn le ni wọ́n pín sí méjì. Apá kan ń mu kọfí press, ife márùn-ún sí mẹ́fà lójúmọ́, apá kejì ń mu kọfí tí a fi bébà sẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 24. Kọlẹ́stẹ́róòlù LDL, èyí tí kò dára, gòkè lára àwọn tó ń mu ti press.

Ife márùn-ún sí mẹ́fà lójúmọ́ pọ̀ o. Ẹni tó ń mu ife kan kò ní láti sá. Àmọ́ bí dókítà bá ti sọ fún bàbá tàbí màmá yín pé LDL wọn ga, ẹ ṣe kọfí náà nínú press bí mo ṣe wí, kí ẹ wá gba inú asẹ́ bébà kọfí dà á kí wọ́n tó mu ún. Cafestol á dúró sínú bébà, lẹ́búlẹ́bú tó kù náà á dúró. Ti Robusta sì ní cafestol tó kéré sí ti Arabica, nítorí náà àwọn ará Kabba gba máàkì kan níbẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ ṣe kọfí lẹ́ẹ̀mejì. Kọfí kan náà, ìwọ̀n kan náà, aago kan náà. Ẹ fi omi borehole ilé yín tí ẹ ti sè ṣe ọ̀kan, kí ẹ fi píọ̀ wọ́tà ṣe èkejì. Bí ilé yín bá sún mọ́ ààtàn, ẹ fo apá yìí. Ẹ fi ti ìwọ̀n rọ́pò rẹ̀: ṣíbí méjì àti ààbọ̀ sí 25cl, àti ṣíbí mẹ́ta àti ààbọ̀ sí 25cl. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e fún yín láìsọ èyí tí ó jẹ́, kí ojú yín má baà tan ahọ́n yín jẹ. Ẹ kọ ohun tí ẹ tọ́ wò sílẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí.

Bí ẹ bá ti rí omi yín àti ìwọ̀n yín, ti kọ̀ǹkọ̀sọ̀ àti sùúrù ló kù. Ẹ lọ gbé press yẹn jáde lẹ́yìn àwo. Ó dìgbà kan ná.